Àpótí Ìjókòó Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́níyì

Kò sí ẹni tó gbé òpópónà náà ní Ìgàndó tí kò mọ̀ nípa ọjọ́ tí Bàbá Raheem àti Ìyá Táyéwò jọ lé Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́níyì dé títì.

Gọ́tà ló dá ìjà sílẹ̀. Bàbá Raheem ní Ìyá Táyéwò ń gbá ìdọ̀tí sínú gọ́tà òun. Ìyá Táyéwò ní láti ojú ilé Bàbá Raheem ni omi ẹlẹ́gbin ti ń ṣàn wá bá òun lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kíra gbẹ̀yìn. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀, èkejì á kọjú sí ògiri bí ẹni tó ń ka pátákó ìpolówó.

Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́níyì kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní yunifásítì, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ó ní òun á parí ìjà náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó gbé àga méjì síta, ó ní kí wọ́n kọjú síra wọn, òun fúnra rẹ̀ jókòó sáàárín wọn lórí àpótí kékeré kan.

"Òfin kan ló wà," ó ní. "Kí ẹnikẹ́ni tó fèsì, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ohun tí ẹnì kejì sọ sọ. Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ báyìí: 'Ohun tí mo gbọ́ pé ẹ sọ ni pé...' Bàbá Raheem, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù. Ó yá."

"Obìnrin yìí dọ̀tí," Bàbá Raheem sọ.

"Ìyá Táyéwò, kí lẹ gbọ́?"

"Ohun tí mo gbọ́ pé ẹ sọ ni pé mo dọ̀tí."

"Bàbá Raheem, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ wí?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó tiẹ̀ sọ ọ́ dáadáa."

"Ó ṣeun. Ìyá Táyéwò, ó kàn yín."

"Àgbàyà ni bàbá yìí."

"Ohun tí mo gbọ́ pé o sọ ni pé àgbàyà ni mí." Bàbá Raheem rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ gbígbóná wò. Ó wá yíjú padà. "Ọmọ́níyì, ṣé torí kí n lè fẹnu ara mi bú ara mi lo ṣe pè mí síta?"

"Ohun tí èmi náà ń rò nìyẹn," Ìyá Táyéwò sọ. "Látọjọ́ tá a ti ń jà, n ò fẹnu mi sọ ọ́ rí pé mo dọ̀tí. Ọkùnrin yìí ló mú mi sọ ọ́."

"Ẹ ò rí i?" Inú Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́níyì ń dùn. "Ẹ ti ń gbọ́ ara yín yé! Ẹ ti—"

Bàbá Raheem ti bọ́ bàtà. Ìyá Táyéwò ti fa ìgbálẹ̀ yọ. Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́níyì ki àpótí rẹ̀ mọ́ abíyá, ó sì sáré dé títì. Nígbà tí àwọn méjèèjì ń padà bọ̀, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, Bàbá Raheem ra píọ̀ wọ́tà méjì, ó na ọ̀kan sí Ìyá Táyéwò. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kíra. Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́níyì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, eruku bò ó látòkè délẹ̀, ó sọ fún Lucy ìyàwó rẹ̀ pé, "Mo ti parí ìjà yẹn."

Súmbọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, wà lójú fèrèsé lọ́jọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tó ṣàkíyèsí tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni: pé bàbá òun kò wo ẹnu àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n ń bú ara wọn. Ọwọ́ wọn ló ń wò.

Ọjọ́ náà ló ti pinnu ohun tí òun máa kà ní yunifásítì. Kò sì rọrùn láti sọ ọ́ síta, nítorí Súmbọ̀ jẹ́ onítìjú. Bó bá kí àgbà, àgbà náà á ní, "Ṣé ọmọ yìí kí mi àbí kò kí mi?" Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Julius, tí gbogbo ilé ń pè ní Dádì Henry, fẹ́ kó di nọ́ọ̀sì. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni Dádì Henry, òun náà sì lẹni tí gbogbo ẹbí Èkìtì tó wà ní Alimosho ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu.

"Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ nílé fẹ́ lọ kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ níléèwé," Dádì Henry á sọ. "Bàbá rẹ̀ tó ti ń sọ̀rọ̀ látìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méjì náà lọ lo odidi ọdún mẹ́rin lórí ẹ̀. Ṣé wọ́n ṣépè fún ilé yìí ni?"

"Bọ̀ọ̀dá, kì í ṣe sísọ nìkan," Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́níyì á dáhùn. "Gbígbọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀."

"Etí tí Ọlọ́run dá mọ́ ẹ lórí ńkọ́?"

"Ohun tí mo gbọ́ pé ẹ sọ ni pé—"

"Má bẹ̀rẹ̀, jàre!"

Ká má purọ́, iṣẹ́ tí ẹ̀kọ́ náà kọ́kọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́níyì kò tọ́jọ́. Ilé ìfowópamọ́ kan gbà á síbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹ̀hónú àwọn oníbàárà. Obìnrin kan wá fi ẹjọ́ ẹ̀rọ tó gbé káàdì rẹ̀ mì sùn. Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́níyì bi í pé báwo ló ṣe rí lára rẹ̀. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ látorí káàdì, ó dé orí ọkọ, ó dé orí ìyá ọkọ, ó sunkún, ó nujú, ó ní ara òun ti fúyẹ́, ó sì gbàgbé káàdì náà síbẹ̀ lọ sílé. Kí oṣù tó parí, ìlà tó wà níwájú tábìlì rẹ̀ ti dé ẹnu géètì.

"Ọmọ́níyì, kí lo ń fún àwọn èèyàn yìí?" mánéjà bi í.

"Mò ń gbọ́ wọn ni, sà."

Mánéjà wádìí ọ̀rọ̀ náà wò. Ìdajì àwọn tó wà lórí ìlà kò ní àkáǹtì níbẹ̀.

Wọ́n ní kó máa lọ. Ó jókòó sílé fún ìgbà pípẹ́, ó ń dán ìmọ̀ rẹ̀ wò lára ìyàwó rẹ̀. "Lucy, mo ní gáàsì máa dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí lo gbọ́?" Lucy á ní, "Mo gbọ́ pé gaàrí la máa mu lálẹ́ òní." Ọkọ rẹ̀ á ní, "O gbọ́ mi yé ju bí mo ṣe rò lọ."

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìkọ̀tún ló wá rí ohun tí wọ́n lè fi irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣe. Àwọn dókítà ibẹ̀ mọṣẹ́, ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá kú, ọ̀rọ̀ kì í yọ lẹ́nu wọn. Wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ lórí hándù ilẹ̀kùn, wọ́n á ní, "Ẹ ṣọkàn akin o," wọ́n á sì ti lọ kí ẹbí tó béèrè pé nítorí kí ni. Iṣẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́níyì ni láti jókòó ti ẹbí, kó sọ ọ́ fún wọn. Ó ní káfíńtà kan ní Ìṣẹ̀rí-Olófin bá òun kan àpótí kékeré kan, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá jókòó lé e á máa gbójú sókè wo ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ni. Ó ń gbé e kiri gbogbo wọ́ọ̀dù. Àwọn ìgbà mìíràn, ẹnì kan ní àdúgbò ló máa kú, ẹbí rẹ̀ á sì ránṣẹ́ sí i pé kó wá bá àwọn sọ ọ́ fún ìyàwó tàbí fún ìyá.

Bí àpótí náà ṣe di ohun ẹ̀rù nìyẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, ó gbé e dání lọ wo bọ́ọ̀lù nílé Bàbá Raheem, nítorí àga kì í kárí níbẹ̀. Télọ̀ tó wà níkòríta sáré ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń ṣeré sá wọlé. Ọkùnrin kan tó ń fọ ọ̀kadà kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ, ó ń gbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ta ni?"

"Bọ́ọ̀lù ni mò ń lọ wò."

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún síbẹ̀. Ó ní òun ti múra ẹkún náà sílẹ̀, òun ò lè dá a padà mọ́.

Ní ọjọ́ kan, Súmbọ̀ ti ilé ìwé lọ bá bàbá rẹ̀ ní Ìkọ̀tún. Ilẹ̀kùn yàrá kan ṣí díẹ̀. Ó rí bàbá rẹ̀ lórí àpótí, ọkùnrin kan tó wọ jálàbíà jókòó sórí àga níwájú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò sọ pé "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n." Kò sọ pé "ẹ fara dà á." Ó ní, "Ìyàwó yín, Fàdìlàt, ti kú." Lẹ́yìn náà, ó pa ẹnu dé, ó sì jókòó ti ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Òòrùn kúrò lójú fèrèsé, wọ́n ṣì wà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé nínú kẹ̀kẹ́, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìgàndó, bàbá rẹ̀ yíjú sí i.

"Gbogbo èèyàn ló ń sá fún ọ̀rọ̀ yẹn," ó ní. "Wọ́n rò pé bí àwọn bá fi pamọ́, àwọn ń ṣàánú ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ló máa wá a kiri fúnra rẹ̀. O ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó wá a. Jókòó. Dárúkọ òkú náà. Má sì sá lọ."

"Bàbá, ṣé ẹ rò pé èmi náà lè ṣe é? N kì í lè sọ̀rọ̀."

"Àwọn tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu wọn ló pọ̀ jù nínú kíláàsì wa nígbà náà," ó ní. "Èmi náà wà lára wọn. Ó pẹ́ kó tó yé wa. Ìwọ ti ṣe ìdajì ẹ̀."

Lọ́dún yìí, nígbà tí Súmbọ̀ ń múra ìdánwò àṣekágbá, àyà bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Inú ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n dá a dúró sí. Ní ọjọ́ kan, dókítà ọ̀dọ́ kan wá sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kejì wà lórí hándù ilẹ̀kùn.

"Dókítà," Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́níyì sọ látorí bẹ́ẹ̀dì, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "ẹ jókòó ná."

Àpótí nìkan ló wà nílẹ̀. Dókítà náà ga, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ó ń ṣí ìwé àyẹ̀wò náà, ó ń pa á dé.

"Ẹ jẹ́ kí n ràn yín lọ́wọ́. Ohun tí mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ sọ ni pé èmi Ọmọ́níyì ò ní pẹ́ kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," dókítà náà dáhùn, omijé ti gba ojú rẹ̀. Kò dìde. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ́.

"Ẹ ò dárúkọ," Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́níyì sọ nígbẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n ẹ yege."

Ó kú ní ọjọ́ Wednesday. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwòrán rẹ̀ ti wà lórí Wọ́ọ̀tsáàpù gbogbo àdúgbò. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbọ́: Ìyá Àgbà, ìyá tó bí i, tí wọ́n ń gbé yàrá ẹ̀yìn, tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n máa jáde, tí wọn ò sì ní fóònù.

Kò sẹ́ni tó lè sọ fún abiyamọ pé ọmọ rẹ̀ ti lọ ṣáájú rẹ̀. Dádì Henry kọ́kọ́ wọlé tọ̀ wọ́n, ó gbé búrẹ́dì dání. Ó béèrè ẹsẹ̀, ó béèrè oorun, ó ní wọ́n ti dá Ọmọ́níyì sílẹ̀ nílé ìwòsàn, ó ti kọjá sí Ìbàdàn fún ìpàdé kan, ó sì jáde, ó ń làágùn. "Ó ti dé ètè mi," ó sọ fún Lucy. Lucy kò mọ̀ pé Ìbàdàn ló sọ. Nígbà tí òun gbé oúnjẹ wọlé, ó ní Àkúrẹ́ ni. Àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì wá láti sọ òtítọ́, àdúrà fún àwọn tó ń rìnrìn àjò ló gbà kó tó lọ. Bàbá Raheem ní òun kì í bẹ̀rù, òun á sọ ọ́. Ó wọlé, ó jáde, ó ní òun sọ pé Àbújá ni. Látọjọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́níyì ti dáyé, kò rìnrìn àjò tó bí èyí tó rìn lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ọjọ́ Friday ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fẹ́ sin ín. Mọ́tò á gbé òkú wá sílé láàárọ̀ náà, á máa fọn fèrè bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ òpópónà. Bí wọn ò bá sọ fún Ìyá Àgbà, fèrè náà ló máa sọ fún wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìsìnkú, wọ́n jókòó sí pálọ̀ lábẹ́ ìwé ẹ̀rí yunifásítì tí Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́níyì fi gíláàsì bò, tó gbé kọ́ sókè fìríìjì. Dádì Henry ló ń ṣe alága. Ó to ètò mọ́tò, ó to ètò ibojì, ó wá kan Súmbọ̀ tó wà ní kọ̀rọ̀.

"Ìwọ, nọ́ọ̀sì ni wàá kà. Èmi ni màá rán ẹ lọ síléèwé báyìí, n ò sì ní sanwó kó o lọ kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Kí ni bàbá rẹ rí níbẹ̀? Àpótí. Ẹ̀kọ́ yẹn ti bá a lọ, kó máa bá a lọ. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà," Súmbọ̀ sọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ọ.

"Ó ku ọ̀rọ̀ Màmá," Lucy sọ, ohùn rẹ̀ ti ha. "Bọ̀ọ̀dá, ilẹ̀ ń ṣú lọ. Ta ló máa sọ fún wọn?"

Dádì Henry fọwọ́ pa iwájú orí. Ó ti rẹ̀ ẹ́. "Kí lẹ wá ń da ara yín láàmú sí?" ó ní. "Ẹ ò ṣe pe Ọmọ́níyì kó wá—"

Dádì Henry wo ìwé ẹ̀rí tó wà lára ògiri, ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní yíyà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. Ìgbà àkọ́kọ́ tó sunkún nìyẹn látọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ ti kú.

Súmbọ̀ dìde. Ó wọ yàrá bàbá rẹ̀, ó fa àpótí yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Sísọ ọ́ nìkan kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Ó gbọ́dọ̀ dárúkọ, kò sì tíì fẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ bàbá rẹ̀ rí láyé. Bí ẹnì kan bá béèrè, "Bàbá Súmbọ̀" ló máa ń sọ.

"Ta nìyẹn?" Ìyá Àgbà béèrè látorí bẹ́ẹ̀dì wọn.

"Èmi Súmbọ̀ ni, mà."

Ó gbé àpótí kalẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn. Ó jókòó. Ìyá Àgbà wo àpótí náà.

"Ìyá Àgbà," ó ní. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kò wárìrì. "Ọmọ́níyì, ọmọ yín, ti kú."

Lẹ́yìn náà, ó pa ẹnu dé. Ó ń gbọ́ fáànù. Ó ń gbọ́ ẹni tó ń fọ abọ́ lẹ́yìn ògiri. Ó wu ẹsẹ̀ rẹ̀ láti sá. Kò sá.

"Láti ọjọ́ Wednesday ọ̀sẹ̀ tó kọjá," Ìyá Àgbà sọ nígbẹ̀yìn, "ni mo ti ń retí àpótí yẹn."

"Ṣé ẹ ti mọ̀ ni, mà?"

"Ọmọ tí kì í jáde láàárọ̀ láìwá bi mí pé kí ni mo gbọ́ pé òun sọ, ṣé òun ló máa ti ilé ìwòsàn lọ sí Àbújá láìdágbére? Gbogbo wọn wọlé wá, kò sẹ́ni tó jókòó nínú wọn. Julius gbé búrẹ́dì dání, ó dúró bí ọlọ́pàá. Mo wá sọ lọ́kàn mi pé n ò ní sunkún ọmọ mi lójú ẹni tó wà lórí ìdúró."

Wọ́n di ọrùn ọwọ́ Súmbọ̀ mú. Ìgbà náà ni wọ́n wá sunkún, Súmbọ̀ náà sì sunkún, ṣùgbọ́n kò kúrò lórí àpótí.

Dádì Henry ti wà lẹ́nu ọ̀nà látìgbà yìí, ọwọ́ rẹ̀ lórí hándù ilẹ̀kùn.

"Julius," Ìyá Àgbà pè é. "Wọlé. Jókòó."

Kò sí àga. Alága ẹbí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó yíjú sí Súmbọ̀. "Kí ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ yẹn gan-an?"

"Ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, sà."

Ó mi orí. "Òun ni kó o kọ sínú fọ́ọ̀mù yunifásítì. Bí wọ́n bá fẹ́ fún ẹ ní òmíràn níbẹ̀, wá sọ fún mi."

Nígbà tí fèrè mọ́tò dún ní àárọ̀ ọjọ́ Friday, Ìyá Àgbà ti wẹ̀, wọ́n ti wọ aṣọ dúdú, wọ́n jókòó sójú fèrèsé. Bí àṣà ṣe rí, òbí kì í sin ọmọ, nítorí náà wọn ò tẹ̀ lé òkú dé ibojì. Súmbọ̀ jókòó tì wọ́n.

Lẹ́yìn tí àlejò ti túká ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá Raheem àti Ìyá Táyéwò ṣì wà níta, lórí àga méjì tí wọ́n kọjú síra. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n tò ó bẹ́ẹ̀. Súmbọ̀ gbé omi wá fún wọn, ó gbọ́ tí wọ́n ń sọ nípa ọjọ́ tí wọ́n lé e dé títì, bó ṣe ń sáré pẹ̀lú àpótí lábíyá, tí kò jẹ́ jù ú nù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé Bàbá Raheem.

"Wèrè ni ọkùnrin yẹn," Bàbá Raheem sọ, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nujú. "Wèrè gidi ni, ṣá."

Ìyá Táyéwò wo ọwọ́ Bàbá Raheem.

"Ohun tí mo gbọ́ pé ẹ sọ," ó ní, "ni pé àárò rẹ̀ ń sọ yín."

Bàbá Raheem rọra gbé omi náà sílẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo wí."